Méjìdínlógún Nínú Ogún

"Fàúsátù, dìde."

Ọmọbìnrin tí wọ́n pè náà dìde, ó di etí tábìlì mú. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà kejì ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n ń pè ní lycée ní Tchamba. Monsieur Àlàsàn, tó ń kọ́ kíláàsì première, èyí tó ṣáájú kíláàsì àṣekágbá, ní ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, gbé ìwé ìdánwò kan sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Méjìdínlógún nínú ogún," ó wí. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní irú máàkì báyìí rí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Fàúsátù ń wo ilẹ̀. Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ rò pé ìtẹríba ni.

Ẹ̀kọ́ náà le lóòótọ́. Bí iṣan inú ara ṣe ń fún, àti bó ṣe ń dẹ̀, ni. Monsieur Àlàsàn ka ohun tí Fàúsátù kọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń kà á. Ó ní iṣan tó wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀, nínú ìfun àti nínú ilé ọmọ kì í gba àṣẹ lẹ́nu wa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kó fún tàbí kó dẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí à ń pè ní ánsíìmù ló ń ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan á fi àmì sára iṣan, iṣan á fún. Òmíràn á wá yọ àmì náà kúrò, iṣan á dẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ àmì yìí kì í ṣe odidi kan. Ẹ̀yà kan lára rẹ̀ ló mọ iṣẹ́, ẹ̀yà kejì ló mọ ọ̀nà. Èyí tó mọ ọ̀nà ló máa di èyí tó mọ iṣẹ́ mú, tí á sì mú un dé ibi tí iṣan wà.

"Ibi tó dùn jù nìyí," Monsieur Àlàsàn wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Èyí tó mọ iṣẹ́ yìí, ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n jọra débi pé ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni èyí tó mọ ọ̀nà máa ń dì mú. Bó bá pàdé àwọn yòókù, á kọjá lára wọn. Fàúsátù, sọ fún wọn: báwo ló ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀?"

Fàúsátù fa ìborùn rẹ̀ síwájú. Àfi bí aago ìsinmi ṣe dún. Gbogbo kíláàsì pariwo, wọ́n dìde gìrì. Monsieur Àlàsàn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ó wí, "a ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsinmi."

Orí ló kó Fàúsátù yọ, nítorí pé kò mọ ìdáhùn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí olùkọ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Làtífátù kò wọ kíláàsì. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé anti Làtífátù ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo fídíò lórí fóònù. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, Làtífátù mú ẹ̀dà ìwé tí olùkọ́ pín fún kíláàsì wá bá a.

"Ojú ewé mẹ́rin!" Fàúsátù figbe ta. "Ìgbà wo ni mo fẹ́ kà á?"

"Ta ló ní kó o kà á?" Làtífátù dáhùn. "Kọ ọ́ wínníwínní sórí bébà, kó o fi sábẹ́ ìborùn. Ta ló máa ní kó o ṣí orí? Gbogbo wọn ló ń ṣe é."

Ọkàn Fàúsátù kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ṣe é. Ó da ojú ewé méjì àkọ́kọ́ kọ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Làtífátù gba mẹ́tàlá. Ó ní òun ò fẹ́ kí olùkọ́ fura.

*

Kí Fàúsátù tó dé Kambolé, ìlú rẹ̀, ìròyìn náà ti ṣáájú rẹ̀ délé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń kí i ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní Dókítà. Ìyá rẹ̀ gba ìwé ìdánwò náà, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìwé kà, ó sì kó o pọ̀ mọ́ ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àpótí. Fàúsátù fẹ́ gbà á padà, ṣùgbọ́n kí ni ó máa sọ pé òun fẹ́ fi ṣe?

Ẹni tó yọ̀ jù nínú ilé ni Àṣàbí, ìyàwó Sàláwù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oyún oṣù méje wà nínú Àṣàbí. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí náà gbogbo ilé ló ń fi ojú ẹyin wo èyí. Sàláwù kì í jẹ́ kó gbé omi.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi, Sàláwù ti gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí oko láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó ń kọ ebè iṣu ní ọ̀nà Koussountou, níbi tí fóònù kì í ti í mú. Fàúsátù àti ìyá rẹ̀ jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń ṣa àgbàdo tí wọn yóò gbìn. Àwọn obìnrin aládùúgbò méjì wà lọ́dọ̀ wọn. Àṣàbí jáde láti inú yàrá, ó fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi," ó pe Fàúsátù, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, "ikùn mi ń le. Á le bí òkúta, á tún dẹ̀. Láti ìgbà ìrun àsùbáà ni."

Ìyá Sàláwù sọ àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Oṣù méje? Ẹ jẹ́ ká wá alùpùpù zémìjàn tó máa gbé wa dé ilé ìtọ́jú, dé dispensaire."

Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Sàláwù, ẹ ní dókítà nínú ilé, ẹ tún ń wá dispensaire! Ẹ bi ọmọ yín."

Gbogbo ojú yí sí Fàúsátù. "Mi ò mọ̀" wà ní etí ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó gba méjìdínlógún nínú ogún ṣe máa sọ pé òun ò mọ̀, lójú àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀wọ̀ wò ó báyìí? Ó rántí ohun tó dà kọ.

"Iṣan ilé ọmọ ló ń fún," ó wí. "Ánsíìmù kan wà nínú ara tó ń tú u. Bó bá ti fún, ó ní láti dẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ kí Tàńtí Àṣàbí lọ dùbúlẹ̀, kí wọ́n mu omi."

Ó fi ọ̀rọ̀ Faransé kan tàbí méjì sí i. Àwọn obìnrin náà mi orí.

"Ó dá ọ lójú?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àṣàbí padà sínú yàrá. Kò pẹ́ tó tún fi pè: "Ọkọ mi, ó ti ń sún mọ́ra o." Fàúsátù dáhùn pé á dẹ̀. Ó wọ yàrá tirẹ̀, ó tọwọ́ bọ àpò, ó kan bébà tí olùkọ́ pín fún wọn. Ó fẹ́ mú un jáde kà. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá rí i pé òun ń wo ìwé ńkọ́? Ṣebí gbogbo ilé gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n? Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú àpò. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìṣẹ́jú yẹn ló máa ń rántí jù, ju gbogbo ohun tó tẹ̀lé e lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àìlà tán ni Àṣàbí ké. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi àti ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ tó ró. Sàláwù, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ní oko, dé ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ó sáré lọ pe Àkàndé, aládùúgbò tó máa ń fi mọ́tò kó ọjà lọ sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Ní dispensaire, nọ́ọ̀sì wo Àṣàbí, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé. Ẹ má dúró níbì kankan."

Ọ̀nà náà jìn bí ẹni ń lọ sí ìlú òkèèrè. Orí Àṣàbí wà lórí itan ìyá ọkọ rẹ̀. Kò ké mọ́; mímí ló kàn ń mí. Nígbà tí wọ́n la Tchamba kọjá, Fàúsátù rí ẹnu ọ̀nà lycée rẹ̀, ó gbé ojú kúrò.

*

Agbẹ̀bí tó gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn ní Sokodé kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ti gbé Àṣàbí wọlé kó tó yíjú sí wọn, tó bi wọ́n ní èdè Tem pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti àárọ̀," Sàláwù dáhùn, nítorí ohun tí Àṣàbí sọ fún un nínú mọ́tò nìyẹn.

"Láti àárọ̀! Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, bóyá à bá rí nǹkan fún un tí iṣan náà á fi dẹ̀, kí ọmọ náà lè pẹ́ sí i nínú. Ta ló ní kí ẹ dúró?"

Fàúsátù ń wo bàtà agbẹ̀bí náà. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó rọlẹ̀ pé:

"Èmi ni."

Sàláwù yí padà. Ọmọ tí kò gbé ohùn sókè sí ìyá rẹ̀ rí ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti gba ojú rẹ̀. "Ìyá! Ẹ fẹ́ pa á fún mi ni? Èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́ kò tó yín?"

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yí ojú sí wọn. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ìyá ọmọ márùn-ún, fi ìborùn bo ojú rẹ̀ lójú àlejò. Fàúsátù wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àṣàbí bí ọmọkùnrin kan. Orí rẹ̀ kò tóbi ju ọsàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára Àṣàbí. Sàláwù fún un nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n fi ọ̀já so ọmọ náà mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí ó má bàa tutù. Agbẹ̀bí sọ pé kí wọ́n máa ṣàdúrà.

Wọ́n dé sí ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé. Láràárọ̀, Ìyá Sàláwù máa ń gbé oúnjẹ wá sí ilé ìwòsàn, Sàláwù kì í jẹ ẹ́. Á ra búrẹ́dì ní ẹnu géètì, á yí ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Ìyá náà á kó aṣọ Àṣàbí tó ti rin fún ẹ̀jẹ̀, á lọ fọ̀ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi.

Ní ọjọ́ kẹta, Fàúsátù jókòó sábẹ́ igi ní àgbàlá ilé ìwòsàn. Ó mú bébà tí olùkọ́ pín jáde nínú àpò rẹ̀. Ní ojú ewé kẹrin, èyí tí kò dé rí, ó kà pé: "Bí iṣan ilé ọmọ bá ń fún léraléra kí oṣù tó pé, ẹ má dúró de ìgbà tó máa dẹ̀. Nǹkan kan lè ti dí àwọn ẹ̀yà méjèèjì lọ́wọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ gbé aláboyún náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, aṣọ tútù ní apá rẹ̀, tó ń rọra gba ẹ̀yìn Sàláwù kọjá bí ẹni tó jalè.

Fàúsátù dìde. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Ìyá. Èmi ni. Ìyá fẹ́ gbé Tàńtí lọ láàárọ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní á dẹ̀ fúnra rẹ̀."

Sàláwù gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Agbẹ̀bí ọjọ́sí ń kọjá lọ, ó dúró.

"Ilé-ìwé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" ó bi í.

Fàúsátù mọ̀ pé òun lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀bi náà sì lọ bá ẹlòmíràn. "Rárá, Madame. Wọ́n kọ́ wa dáadáa. Mi ò sí níbẹ̀. Mo jí i kọ nínú ìdánwò ni. Mi ò mọ nǹkan kan."

Sàláwù dìde. Ó kọjá lára Fàúsátù, ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó tutù fún omi aṣọ. "Ìyá, ẹ forí jì mí." Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní kó dìde. Fàúsátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí òun dìde.

Nígbà tó yá, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tó fi gba ẹ̀bi náà sórí.

"Ọmọ mi ni ọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀bi náà sì kàn mí. Mo ti bí ọmọ márùn-ún, ara mi sọ fún mi pé ká máa lọ, mo wá torí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún dúró." Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó sá a. "Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹnu rẹ, Fàúsátù, bóyá òtítọ́ á ti ibẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó."

Ní ọjọ́ kẹjọ, àlùfáà sọ ọmọ náà ní Yúnúsà ní ilé ìbátan wọn ní Komah. Ìyá àti ọmọ ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Fàúsátù ló ń bu omi fún àlejò. Ó gbọ́ bí obìnrin kan ṣe rọra bi èkejì pé, "Ṣé eléyìí ni?" Omi dà lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, kò dúró kí olùkọ́ béèrè. Ó bá Monsieur Àlàsàn nínú kíláàsì kí àwọn yòókù tó dé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: bébà, ìborùn, Àṣàbí. Kò dárúkọ Làtífátù. Olùkọ́ náà jókòó, ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀ mú.

"Mo ti ka ìwé rẹ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi," ó wí. "Mo ti fi ọ́ yangàn."

Gbólóhùn yẹn dun Fàúsátù ju ẹgba lọ. Olùkọ́ fún un ní òdo, ó sì sọ ọ́ fún kíláàsì. Làtífátù kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tí ọdún parí, máàkì Fàúsátù kò pé. Ó tún kíláàsì première ṣe.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìjẹ́wọ́ náà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọlé, ó ti béèrè ohun kan. "Monsieur, ẹ̀yà tó mọ ọ̀nà yẹn, báwo ló ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀?"

Monsieur Àlàsàn mú ẹfun, ó yà á sójú pátákó. Ó fi hàn án pé àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta náà jọra ní àárín, wọ́n yàtọ̀ ní orí àti ní ìrù. Ibẹ̀ ni èyí tó mọ ọ̀nà ti ń di tirẹ̀ mú, ibẹ̀ ló sì ti ń dá a mọ̀.

"Kí ló wá dí wọn lọ́wọ́ nínú ikùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi?" Fàúsátù bi í.

"Mi ò mọ̀," olùkọ́ dáhùn. "Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè mú kí ilé ọmọ fún kí àsìkò tó tó. Àwọn dókítà gan-an ṣì ń wá ìdí rẹ̀."

Ó ya Fàúsátù lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí òun kò lè sọ lójú obìnrin mẹ́rin, olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò sì mú kí olùkọ́ náà kéré lójú rẹ̀ rárá.

Oṣù kẹjọ ọdún ni Àṣàbí pè é sí yàrá ní Kambolé. Yúnúsà ti ń sanra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lè gbé ọrùn dúró bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n sì ń gbé e lọ sí Sokodé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Fàúsátù kò gbé e rí. Kò sí ẹni tó fún un, kò sì béèrè.

"Ọkọ mi," Àṣàbí wí, "ìwọ lo kàwé nínú ilé yìí. Kí ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn?"

Omi lé sójú Fàúsátù. "Tàńtí, iṣan ilé ọmọ yín ń fún, kò sì dẹ̀. Mo mọ àwọn ohun tó máa ń jẹ́ kó dẹ̀, mo lè yà á fún yín. Ìdí tí kò fi dẹ̀ lára yín, mi ò mọ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn: mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ dárí jì mí."

Àṣàbí kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò dárí jì í. Ó tú ọmọ náà kúrò láyà rẹ̀, ó gbé e lé Fàúsátù lọ́wọ́. "Fi ọwọ́ ti ọrùn rẹ̀," ó wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ìtìjú tó bá Fàúsátù kò tíì tán lára rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má tán. Ẹni tó bá jí ìdánwò kọ máa ń rò pé olùkọ́ nìkan ni òun tàn jẹ. Kò mọ̀ pé àwọn ará ilé òun yóò gbà á gbọ́, wọn yóò sì fi ẹ̀mí ara wọn lé e lọ́wọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ohun tí a fẹ́ mọ̀; èyí tí a kò bá sì mọ̀, kí a ní ìgboyà láti sọ pé a kò mọ̀ ọ́n, kódà bí gbogbo ojú bá ń wò wá.